Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ará Ilé Tí Kò Tíì Gba Jésù Gbọ́

Àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ìyá, bàbá, ọkọ tàbí ọmọ tí a fẹ́ràn, tí kò sì tíì bá wa gba Jésù gbọ́. Bí a ṣe ń kà wọ́n, ohun kan ń hàn léraléra. A máa ń pe ará ilé wa wá sí ìsọjí, a máa ń pè wọ́n wá síbi ìdúpẹ́ àti ìkórè, ṣùgbọ́n a kì í sábà jókòó sọ ohun tí àwa fúnra wa ń retí lọ́dọ̀ Ọlọ́run fún wọn, àti ìdí tí a fi ń retí rẹ̀. Ohun tí Pétérù sì ní ká múra sílẹ̀ fún gan-an nìyẹn nínú 1 Pétérù 3:15: ká lè dá ẹni tó bá béèrè ìdí ìrètí wa lóhùn, pẹ̀lú ọkàn tútù àti ọ̀wọ̀. Ìdáhùn ló pè é. Kò pè é ní ìwàásù.

Mùsùlùmí ni ìyá mi, wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Bí mo bá ti dárúkọ Jésù, wọ́n á ní, "Ká má fi ẹ̀sìn jà, Ọlọ́run kan náà là ń sìn," wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Kí ni kí n ṣe? — Ọmọ Ìyá, Ìsàlẹ̀ Afọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ má bá wọn jiyàn lórí gbólóhùn yẹn. Ìyá tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò sọ ọ́ torí pé ó ti wádìí ẹ̀sìn méjèèjì wò. Ìrẹ́pọ̀ ilé ló ń dáàbò bò. Ẹ̀rù mìíràn sì tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwọn àgbà kì í sọ jáde. Ìyá tó ti ń lọ sí àsàlátù láti ọjọ́ pípẹ́ mọ àwọn tí yóò dúró ti òun bí àìsàn bá dé. Ó mọ̀ pé bí ọlọ́jọ́ bá dé láàárọ̀, wọ́n á ti sin òun kí ilẹ̀ tó ṣú, àti pé wọ́n á ṣe fídáù òun lọ́jọ́ kẹjọ. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ Jésù, ohun tí etí wọn ń gbọ́ ni pé ẹ fẹ́ já wọn gbà kúrò láàárín àwọn èèyàn wọn. Ta ni yóò wá kí mi? Ta ni yóò sin mí?

Nítorí náà, ẹ̀rù yẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, kó yé wọn yékéyéké: "Màámi, bí ẹ gbà, bí ẹ ò gbà, ọmọ yín ni mí. N kò ní yẹra, n kò sì ní dín ohun tí mò ń ṣe fún yín kù." Lẹ́yìn náà, kí ìwà jẹ́rìí sí i. Tí owó oṣù tí ẹ máa ń fún wọn bá falẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kọ̀ láti bá yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò tún ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ẹ wá mú bébà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sílẹ̀. Kó má ju ìlàjì ojú ewé kan lọ, ohun tí ẹ lè sọ tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ń bà yín lẹ́rù tàbí tó wúwo lọ́rùn yín tẹ́lẹ̀: ikú ni, ẹ̀ṣẹ̀ kan ni, ìbínú ni, ìrora àìrọ́mọbí ni. Ẹ sọ ohun tí Jésù ṣe sí i: pé ó kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa, pé Ọlọ́run jí i dìde lọ́jọ́ kẹta, pé nítorí èyí Ọlọ́run ti dárí jì yín, ibojì kì í sì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ yín yóò parí sí. Kí ẹ wá fi ohun kan pàtó tó ti yí padà nínú ìgbé ayé yín kún un, èyí tí ìyá yín fi ojú ara wọn rí. Apá yìí ló máa ń nira jù, nítorí ìyá mọ ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá ní Jésù ti mú ìbínú yín kúrò, tí ẹ sì jágbe mọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lójú wọn lánàá, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ mú ohun tó jẹ́ òótọ́, bó ti wù kó kéré mọ: gbèsè tí ẹ san nígbà tí ẹni tó yá yín lówó ti gbàgbé, àbúrò tí ẹ lọ bá kí ẹ tó lè parí ìjà.

Tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ fa igi lé gbogbo èdè ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú rẹ̀. "Mo ti di àtúnbí," "a fi ẹ̀jẹ̀ bò mí," "mo wà nínú Olúwa" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò dàgbà sí àárín wa. Ẹ lo ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ wá ìgbà tí kò sí àlejò, tí kì í ṣe àsìkò ìrun, tí ebi kò sì pa wọ́n. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ọ́ tán, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Màámi, báwo lẹ ṣe rí i sí?" Kí ẹ sì dákẹ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe àṣìṣe. Ìdákẹ́jẹ́ ń bà wá lẹ́rù, a sì máa ń fi ẹsẹ Bíbélì mẹ́wàá dí i. Bí ìyá bá fi ogún ìṣẹ́jú sọ èrò tiwọn, ọjọ́ náà ti dára.

Ó yẹ kí ẹ tún mọ̀ pé ìyá yín kò ṣàjèjì sí Jésù. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní Ànábì Ísà ọmọ Mariyamọ. Súrà 19 nínú Àlùkùránì ń jẹ́ Mariyamọ. Àlùkùránì gbà pé wúńdíá ló bí i, ó sì pè é ní Mèsáyà. Orí àgbélébùú ni ọ̀nà ti yà: Súrà 4, ẹsẹ 157, sọ pé wọn kò pa á, wọn kò sì kàn án mọ́gi. Ohun tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré nìyẹn, gbólóhùn kan kò sì lè tú u. Bákan náà ni "Ọmọ Ọlọ́run". Ohun tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé Ọlọ́run gbé ìyàwó, ó sì bímọ. Kò sí Kristẹni tó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́; ẹ là á yé wọn. Ó sàn kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí Jésù ṣe: obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀, ọmọbìnrin Jáírù, arọ tí wọ́n gba orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀. Nínú ìtàn arọ náà (Máàkù 2), àwọn akọ̀wé òfin tó jókòó níbẹ̀ fúnra wọn béèrè ta ló lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini bí kò ṣe Ọlọ́run nìkan. Ẹ jẹ́ kí ìyá yín bá wọn béèrè rẹ̀.

Ìwé Máàkù ló dára jù láti bá àgbàlagbà kà. Orí 16 péré ni, òun ló kúrú jù nínú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orí kan lọ́sẹ̀, ẹ ó kà á tán láàárín oṣù mẹ́rin. Bí ojú wọn bá ti ń ṣe bàìbàì, ẹ gba Bíbélì olóhùn Yorùbá sórí mẹ́mọ́rì, kí ẹ fi í sínú rédíò kékeré tó ń gba mẹ́mọ́rì, kí ẹ fi lẹ́mọ́ sí bọ́tìnnì tí wọ́n máa tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn o. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ gbé e kúrò. Tó bá di oṣù Ààwẹ̀, ẹ fi ìwé sílẹ̀, kí ẹ bá wọn se sààrì àti oúnjẹ ìṣínu.

Ẹ má sì jẹ́ kó sú yín. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ti jẹ́ àlùfáà fún ọdún mẹ́ta kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Àlùfáà tó sọnù tó tún padà wá, ọmọ inú rẹ̀! Síbẹ̀, 1848 ni ìyá náà tó ṣèrìbọmi.

Ohun kan wà tó ń ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́ ju àríyànjiyàn lọ, ó sì ń dùn wá gan-an. Ẹnì kan á lọ sí ilé àdúrà, wọ́n á sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ló wà nídìí ìṣòro rẹ̀. Á délé, kò ní jẹ oúnjẹ ìyá mọ́, kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ òun. Ẹni tó bá ti pe ìyá rẹ̀ ní àjẹ́ kò lè sọ ìfẹ́ Ọlọ́run fún un lọ́la. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ nílé yín, ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ tọrọ àforíjì, láìfi ìwàásù kankan tẹ̀ lé e.

Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe ló kún ìdílé wa. Ṣé kí n jẹ ẹran Iléyá? Ọdún egúngún ńkọ́? Wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ gbogbo ọmọkùnrin ilé. — Ọmọ Agboolé, Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n fi ń pa ẹran Iléyá, ní ìrántí Ábúráhámù, wọ́n sì ń pín in fún ará ilé, aládùúgbò àti aláìní. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ń jẹ ẹ́ láìní ìṣòro, àwọn mìíràn sì wà tí ọkàn wọn kò gbà á. Bí ọkàn tiyín kò bá gbà á, ẹ lọ kí wọn lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ bá wọn jókòó, kí ẹ sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ẹ ò ní jẹ ẹran, ṣùgbọ́n ẹ ó mu omi. Ohun tí kò dáa ni kí ẹ gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín, kí ẹ wá lọ dà á sí ààtàn. Ọmọdé kan á rí yín, ọ̀rọ̀ náà á sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo agboolé kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ní ti egúngún, 1 Kọ́ríńtì 10:25-28 fún wa ní ìlànà tó ṣe kedere. Ẹ jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú yín láìwádìí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé wọ́n ti fi rúbọ, ẹ má jẹ ẹ́, nítorí ẹni tó sọ fún yín. Ní ti owó, ẹ lọ bá olórí ẹbí ṣáájú ọjọ́ ìpàdé, ní ẹ̀yin nìkan, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ wọ́n: "Bàbá, n kò lè dáwó ètùtù, ẹ̀rí ọkàn mi kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbé iye owó kan náà fún òrùlé agboolé, tàbí fún owó ilé ìwé ọmọ kan." Iye kan náà, ó kéré tán. Èyí tó bá dín ní náírà kan, wọ́n á ní ahun lẹ fi ẹ̀sìn bò. Ẹ má sì sọ èdè àbùkù sí ohun tí wọ́n ń bọ, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ẹ̀kú ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ti bàbá yín tó ti kú. Bí wọ́n bá jogún rẹ̀ fún yín, ẹ dá a padà fún ẹbí ní gbangba, kí ẹ sì ṣàlàyé. Ẹ má dáná sun ohun tí kì í ṣe tiyín.

Ọkọ mi kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti pe pásítọ̀ wá bá a sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ìyàwó mọ́ òun lọ́wọ́. — Ìyàwó Ilé, Ìjẹ̀rù

Ṣé òótọ́ ló sọ? Ẹ ka àwọn alẹ́ tí ẹ kì í sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀: ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin, ìpàdé àwọn obìnrin, ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì. Bí ó bá ju méjì lọ, ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé nítorí rẹ̀ ni. Olùdarí akọrin lè bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Pétérù kọ̀wé sí àwọn obìnrin tó wà nípò yín gan-an (1 Pétérù 3:1-2), ó ní a lè jèrè irú ọkọ bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀, nípa ìwà. Ọkọ tó ti gbọ́ ìwàásù títí tó sú u ló ṣì ń wo ọwọ́ yín. Ẹ má ṣe mú owó oúnjẹ san ìdá mẹ́wàá láìjẹ́ kó mọ̀. Ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ iyàrá yín lọ síbi ẹ̀rí. Ẹ má sì ṣe da òróró àdúrà sínú ọbẹ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ bu omi àdúrà sí omi ìwẹ̀ rẹ̀ láìsọ fún un, ẹni yòówù kó ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin Yorùbá tó bá rí i pé ìyàwó òun ń fi nǹkan sínú oúnjẹ òun kò ní rò pé àdúrà ni. Oògùn ni yóò pè é, ìfọkàntán tó ti pẹ́ á sì dàrú lọ́jọ́ kan.

Ẹ dẹwọ́ pípe pásítọ̀ wá. Àgbàlagbà ọkùnrin kì í fẹ́ kí ọkùnrin mìíràn wá tọ́ òun sọ́nà nínú pálọ̀ òun. Tó bá ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ Kristẹni, tí wọ́n jọ ń wo bọ́ọ̀lù, ọ̀rẹ́ yẹn wúlò ju pásítọ̀ mẹ́ta lọ, pàápàá tí kò bá yára.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pé ó ń nà yín, ìdáhùn mìíràn nìyẹn. Ìwé Pétérù kò ní kí obìnrin dúró síbi tí wọ́n ti lè pa á. Ẹ kúrò níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹbí yín, kí ẹ sọ fún àwọn àgbà àti àwọn agbófinró.

Ọmọ mi tó wà ní LAUTECH délé, ó ní òun kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́, pé ẹ̀sìn àwọn òyìnbó ni ìgbàgbọ́. Bàbá rẹ̀ fẹ́ dá owó ilé ìwé rẹ̀ dúró. — Ìyá Ọmọ, Tákíé

Ẹ bẹ bàbá rẹ̀. Bí owó ilé ìwé bá dúró, ọmọ náà á padà sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á sì máa purọ́ fún yín títí yóò fi jáde. Ọmọ tó sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀ jáde nínú ilé tó mọ̀ pé wọn yóò bínú ṣì fọkàn tán yín. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́.

Ẹ wá gba ìbéèrè rẹ̀ bí ìbéèrè, torí ó ní ìdáhùn. Jésù kì í ṣe ará Yúróòpù. Násárẹ́tì, ní ilẹ̀ Éṣíà, ló ti dàgbà. Ará Etiópíà kan ti ṣèrìbọmi nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8. Ọba Ezana ti Aksum, ní ilẹ̀ Etiópíà, ti di Kristẹni ní ọ̀rúndún kẹrin. Augustine, ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ tó tóbi jù lọ nínú ìtàn ìjọ, ọmọ Áfíríkà ni; ibi tí a ń pè ní Àlùjíríà lónìí ni wọ́n ti bí i ní 354. Òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti wá kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ṣùgbọ́n Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá tó ti jẹ́ ẹrú rí, ló ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Bí ọmọ yín bá sọ pé àwọn tó ń pe ara wọn ní Kristẹni ló kó wa lẹ́rú, ẹ gbà fún un. Òótọ́ ni, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni. Ọmọ tó bá rí i pé òbí òun lè gba òtítọ́ tó korò yóò tún fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà mìíràn, ìbéèrè ìtàn kọ́ ló wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ bi í léèrè, láìsí ìbínú, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan lè ti kú lẹ́yìn tí gbogbo ẹgbẹ́ gbàdúrà fún un. Aṣáájú kan tó bọ̀wọ̀ fún lè ti kó owó jẹ tàbí kó ti bá ọmọbìnrin kan ṣe ìṣekúṣe. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má gbèjà aṣáájú náà. Ẹ jọ ka Orin Dáfídì 13 àti 88, kó lè rí i pé Bíbélì fàyè gba ẹni tó ń bi Ọlọ́run léèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn náà. Bí gbogbo ìpè fóònù bá ti di "Ṣé o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?", kò ní gbé e mọ́.

Àwọn arákùnrin Jésù pàápàá kò gbà á gbọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ láàárín wọn (Jòhánù 7:5). Lẹ́yìn àjíǹde, wọ́n wà láàárín àwọn tó ń gbàdúrà ní Jerúsálẹ́mù (Ìṣe 1:14).

Rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá mi, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu wọn. N kò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ ìgbàlà rí. Ṣé ó ti pẹ́ jù? — Àkọ́bí, Ògbómọ̀ṣọ́

Kò tíì pẹ́ jù. Olè orí àgbélébùú nínú Lúùkù 23 kò ní ju wákàtí díẹ̀ lọ, gbólóhùn kúkúrú ló sì sọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́, nítorí aláìsàn kò lè dìde kúrò níwájú yín. Ohun tó yàtọ̀ sí ti ilé nìyẹn.

Ẹ bi nọ́ọ̀sì nígbà tí ara wọn máa ń mókun jù. Fún ọ̀pọ̀, òwúrọ̀ ni, lẹ́yìn ìwẹ̀ àti oúnjẹ. Ẹ pa fóònù, ẹ fà àga sún mọ́ ibùsùn kí ojú yín lè bá tiwọn dọ́gba, kí ẹ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti lè rí yín dáadáa, torí rọpárọsẹ̀ máa ń dí ojú ẹ̀gbẹ́ kan nígbà mìíràn. Ẹ gba àṣẹ: "Bàbá, ṣé kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa Jésù? Tí ẹ bá fẹ́, ẹ rọra fún ọwọ́ mi pọ̀." Ọwọ́ tó dára ni kí ẹ dì mú. Bí wọn kò bá fún un, tàbí tí wọ́n mi orí, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ bá wọn fi aṣọ tí ẹ ti rẹ sómi nu ètè, kí ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ mìíràn.

Bí wọ́n bá gbà, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Gbólóhùn kúkúrú, kí ẹ máa dánu dúró láàárín. Ẹ sọ pé Ọlọ́run mọ̀ wọ́n, pé Jésù kú fún ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ó sì jíǹde, pé kò sí iṣẹ́ kankan tí wọ́n ní láti fi ọwọ́ yẹn ṣe kí wọ́n tó lè ké pè é. Ẹ ka ẹsẹ kan, bíi Jòhánù 11:25, kí ẹ gbàdúrà ní ohùn kékeré. Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ "Jésù, rántí mi" nìkan ni ẹnu wọn lè gbé. Ẹ má kó ogún èèyàn yí ibùsùn ká. Ẹ má pariwo nínú wọ́ọ̀dù tí aláìsàn mìíràn wà. Ẹ má ṣèlérí pé wọ́n á dìde rìn lọ́jọ́ Àìkú, torí tí ọjọ́ náà bá kọjá, ìrètí tòótọ́ á bá ìlérí èké ṣubú. Ẹ má sì dá oògùn wọn dúró. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń lọ, ẹ má fi agbára ṣèrìbọmi fún un. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọ ní àlùfáà tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ẹ lè ní kó wá nígbà tí bàbá bá fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ọkùnrin mìíràn á sọ ohun kan fún àlejò tí wọn kò lè sọ lójú àkọ́bí wọn.

Bí ìjà kan bá wà láàárín yín, ẹ tọrọ àforíjì kí ẹ tó sọ̀rọ̀ Jésù rárá.

Ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá láìjẹ́wọ́ Jésù. Mo gbìyànjú. Ṣé èmi ni mo kùnà? — Ẹni Tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Rárá, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kùnà. Ọlọ́run ní kí ẹ jẹ́rìí. Kò sọ pé kí ẹ yí ọkàn ẹni padà. A kò ní tàn yín jẹ pé a mọ ibi tí ìyá yín wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun mọ̀ ń sọ ohun tí wọn kò fi hàn án. Ìwọ̀nba tí a mọ̀ ni ìbéèrè tí Ábúráhámù bi Ọlọ́run nínú Jẹ́nẹ́sísì 18:25, pé ṣé Onídàájọ́ gbogbo ayé kò ní ṣe ohun tó tọ́ ni. Orí Ẹni yẹn ni kí ẹ gbé ìyá yín lé. Ohun tí ẹ sọ fún wọn, ẹ kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ní òru tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Ẹ sunkún bí ẹkún bá dé. Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù, ó sì mọ̀ pé òun máa jí i.

Bí àwọn ará ìjọ bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀run àpáàdì sí yín létí, ẹ ní kí wọ́n dẹ́kun.

Mo máa ń fi ìwàásù ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa láràárọ̀. Ẹnì kankan kì í dáhùn. — Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ Nílùú Èkó

Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ohun tí wọ́n bá ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, kò sí ẹni tó gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ẹ fi ojú òpó náà kí wọn, ẹ bá ẹni tó bímọ yọ̀, kí ẹ sì fi owó ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń dáwó fún aláìsàn, kó tó di pé wọ́n rán yín létí. Ẹ yan ẹnì kan nínú ẹbí, kí ẹ máa pè é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀: ọmọ tó ń ṣèdánwò, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹ gbàdúrà lórí rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bó ti rí nígbà tí ẹ bá tún pè. Ọjọ́ tó bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi ń bìkítà tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta tí a ní kí ẹ kọ sílẹ̀ nínú ìdáhùn àkọ́kọ́. Bó bá sì jẹ́ pé orí WhatsApp ẹbí ló ti béèrè, ẹ pè é, ẹ má dá a lóhùn níbẹ̀.